Ọkàn Ọ̀pọ̀lọ́ Oníyàrá Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Ara ń fu mí.

Kíláàsì méjì ni mo ń kọ́ ní báyọ́lọ́jì lọ́dún yìí. Ọ̀kan ni mo ń pè ní Ọjà, nítorí ariwo wọn. Èkejì ni Ṣọ́ọ̀ṣì — wọ́n máa ń jókòó bí ẹni tí ìwàásù ti sú. Lónìí, nínú Ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Mo ní, "Kíndìnrín kì í sùn —" Kí n tó mí, ọmọ kan lẹ́yìn ti bá mi parí ẹ̀: "Bó bá sùn, àwa la máa jí sílé ìwòsàn!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àwàdà mi nìyẹn. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún kíláàsì kankan lọ́dún yìí. Bóyá àwọn tó ti jáde ló sọ fún wọn. Bóyá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ yẹn gbà sọ ọ́! Ó dánu dúró díẹ̀ níbi tí èmi náà máa ń dúró gan-an.

Ọmọbìnrin kan wà níwájú nínú Ọjà, Ìbéèrè ni mo sọ ọ́, torí kì í jẹ́ kí n sinmi. Kò bi mí ní nǹkan kan lónìí. Ìyẹn tún wá dá kún ìfura mi.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé àwọn olùkọ́. Ọ̀gá ilé ìwé dìde, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún wa. Mo jù ú lọ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yẹn kì í kọjá ètè rẹ̀. Ó ní láti sáà tó ń bọ̀, tẹlifíṣàn ńlá yóò wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọn yóò máa rà, lọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ́ jù lórí ayélujára. Àwa ńkọ́? Alábòójútó.

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ohun tọ́mọ fẹ́ mọ̀ tí kò sí nínú fóònù mọ́. Tiyín ni kí ẹ rí i pé wọn ò pariwo." Ó wá fi kún un pé kì í ṣe gbogbo wa ni ilé ìwé máa nílò fún ìyẹn. Èmi ló wò nígbà tó sọ ọ́. Tàbí aago tó wà lára ògiri lókè orí mi. Rárá o, èmi ni.

Wáyà ń mi orí bí alángbá. Wáyà ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà, géńdé kan tí wáyà kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀. Kí ló ń mi orí sí? Ta ló bi í?

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo yà lọ́dọ̀ télọ̀ lọ wo ṣòkòtò mi. Ó gbé fóònù ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kíndìnrín. Mo dúró. Ọ̀rọ̀ mi ni. Asẹ́ tí mo máa ń fi ṣàpèjúwe, omi ìdọ̀tí, àwàdà ilé ìwòsàn, gbogbo ẹ̀ pátá, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ohùn náà kì í ṣe tèmi. Ó ń dán, kò ní ikọ́, kò ní ìlàágùn, ó dà bí ohùn àwọn tó máa ń sọ fún èèyàn pé kó dúró lórí ìlà. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni. Àwòrán lásán ló ń yí.

Mo bi télọ̀ pé ta ni. Ó ní, "Ta ló mọ̀, Bàbá? Inú fóònù ló ń gbé. Òun lọmọ mi ń gbọ́ báyìí. Ó dáa ju àwọn tí wọ́n wà nílé ìwé tí wọ́n ń sùn lọ."

Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń wọn ìdí mi.

Ṣòkòtò ò tíì ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Tèmi ni gbogbo wọn. Mo sọ olè náà ní Olóhùn Dídán. Àwọn tó ń gbọ́ ọ pọ̀ ju iye ọmọ tí mo ti kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń di ẹfun mú lọ. Wọ́n ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, Sà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó yé mi nìyí." Sà! Sà wo?

Ta ló ṣe é? Mo ti rò ó títí. Wáyà ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun fẹ́ gbé nǹkan kan kọ́ ojú fèrèsé Ọjà kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè já geere. Nǹkan náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ó ní iná pupa kékeré. Iná pupa! Ó ń wò mí láti ọjọ́ yìí wá, èmi sì ń kọ́ni lọ bí ọ̀dẹ̀. Ó ń gbà á sílẹ̀, yóò tà á fún Ọ̀gá, Ọ̀gá yóò sì gbé mi jù sí ẹnu ọ̀nà láti máa ní "ẹ dákẹ́".

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Ìyá Ilé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ kọ́kọ́ jẹun ná."

Àbíkẹ́yìn mi wà níbẹ̀. Ilé ló wà báyìí, wọ́n ti ti yunifásítì wọn fún ìsinmi. Òun náà lóun fẹ́ di olùkọ́. Mo ti ní kó tún un rò. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, ṣé ó dáa?" Mo ní kí ló dáa nínú olè jíjà. Ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ yìí. Bí mo ṣe máa ń ṣe látijọ́, mo kọ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mi lẹ́kọ̀ọ́ kí n tó lọ kọ́ ọmọ ènìyàn: mò ń lo áyọ́ọ̀nù, mò ń sọ̀rọ̀ sókè. Ọkàn lẹ́kọ̀ọ́ tó kàn. Ọkàn ẹja, yàrá méjì. Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́, yàrá mẹ́ta. Tiwa, mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àlejò tó ń yà síbi tó wù ú. Ìyá Ilé ní láìpẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yìí máa gba ìwé ẹ̀rí.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo ti dẹ pàkúté.

Ó sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń nu pátákó. Bí mo bá sọ ohun kan nínú Ọjà, tí mo sọ òmíràn nínú Ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí Olóhùn Dídán bá tún sọ ni yóò tú àṣírí ibi tí etí rẹ̀ wà. Ohun kékeré ni, ohun tí mo lè tún ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nínú Ọjà, lábẹ́ iná pupa yẹn, mo ní ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ní yàrá mẹ́rin. Ẹnu mi kọ́kọ́ kọ̀. Mo fipá mú un. Nígbà tí mo dé Ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ mẹ́ta fún wọn, bí Elédàá ṣe ṣe é.

Kí n tó kúrò nínú Ọjà, Ìbéèrè ti nawọ́. "Sà, ṣé ẹ ti la ọ̀pọ̀lọ́ rí?" Mo gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wọn rí i. Mo ní ọwọ́ mi yìí ló là á, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Òótọ́ ni. Mẹ́ta ni mo sì rí níbẹ̀. Ó kọ mẹ́rin sílẹ̀, ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo tún ní iṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Màá tún un ṣe nígbà náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Ó ti jáde! Ọkàn. Mo gbé fóònù mọ́ etí nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́. "Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́, yàrá mẹ́ta." Mẹ́ta.

Kì í ṣe Ọjà nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì! Àwọn ọmọ tútù wọ̀nyẹn, àwọn tí wọn kì í gbé ojú sókè. Mo ṣáà ti mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti pọ̀ jù. Mo dúró lẹ́yìn tí wọ́n lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ wá abẹ́ tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣíńgọ́ọ̀mù ni mo bá. Ṣíńgọ́ọ̀mù tó pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ká Wáyà mọ́ inú yàrá àwọn olùkọ́, lójú àwọn tó kù, mo sọ gbogbo rẹ̀ sí i lójú: iná pupa, fèrèsé, bó ṣe ń mi orí nínú ìpàdé. Mo ní bí kì í bá ṣe òun, òun ló rán ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bínú, èyí sì tún dùn mí. Ó jáde, ó lọ yọ nǹkan náà lójú fèrèsé, ó kó o lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀rọ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì lásán ni, Sà. Kò létí. Ẹ mú un lọ sílé bó bá wù yín."

Ó wá ní kí n jẹ́ kóun wo ojú ewé olè náà. Ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó fi ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ọkàn síta hàn mí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́: "Ọjọ́ Àìkú ni, Sà. Ẹ ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn."

Ọjọ́ Àìkú. Ojú tì mí débi pé mi ò rántí dá ẹ̀rọ náà padà. Àpò mi ni mo gbé e sí wálé.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mi nìkan ló gbọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Àwa mẹ́ta là ń gbé inú ilé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Òní ló yẹ kí n tún ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ṣe. Mi ò ráàyè. Ọ̀gá ṣàdéédéé kéde ìdánwò láàárọ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọmọ dé kí tẹlifíṣàn tó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìbéèrè wá láti ìta. Kíláàsì ẹlòmíràn ni wọ́n ní kí n lọ ṣọ́. Nígbà tí mo fi rí ìbéèrè báyọ́lọ́jì, àwọn ọmọ ti kó ìwé sílẹ̀. Ìbéèrè kẹta: yàrá mélòó ló wà nínú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́?

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo fọkàn ara mi balẹ̀. Wọ́n ní fóònù. Gbogbo wọn ló ń wo Olóhùn Dídán, ó sì ti sọ mẹ́ta fún wọn. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń gba tèmi gbọ́ ju ti fóònù lọ?

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Mo tan áyọ́ọ̀nù. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo dánu dúró láàárín gbólóhùn kan, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá Àbíkẹ́yìn ṣí. Fóònù rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sókè, ó ń gbọ́ mi.

Kò ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ẹnì kan tí àwọn jọ ń kàwé sọ pé ilé ìwé àbúrò òun ò ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì rárá, òun sì fi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ mi ránṣẹ́ sí i. Àwọn mìíràn bèèrè. Ó ń pọ̀ sí i. Ó fi ohùn ẹ̀rọ bò ó torí ó mọ̀ pé n kò ní gbà. Ní oṣù tó kọjá, Ọ̀gá wa kọ̀wé sí ojú ewé náà, pé òun fẹ́ rà á fún ilé ìwé. Ọ̀gá ò mọ ẹni tó ni ín.

"Bàbá, mo rò pé tí tẹlifíṣàn bá dé, ẹ̀yin lẹ máa wà nínú ẹ̀. Kò ní sí ẹni tó lè lé yín."

Mo ní, "Bí mo bá ti wà nínú ẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi èmi tó wà níta ṣe?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Ilé yọjú láti ilé ìdáná, ó wo àwa méjèèjì, ó padà sẹ́yìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun náà ti mọ̀.

Inú bí mi gidigidi. Jẹ́ kí n sì sọ èyí níbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i: inú mi tún dùn. Àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ rí ń rẹ́rìn-ín sí kíndìnrín mi.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Gbogbo Ọjà kọ mẹ́rin. Gbogbo wọn, kò ku ẹnì kan. Gbogbo Ṣọ́ọ̀ṣì kọ mẹ́ta.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé ìdánwò wọ kíláàsì. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Ó ní wọ́n jí ìwé wò, pé kò sí bí odindi kíláàsì ṣe máa ṣi ohun kan náà láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ ọ́ tí àwọn yòókù dà á kọ. "Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọjà, tí kì í dákẹ́! Ó ní, "Ẹ ò ní fóònù ni? Fóònù ò sọ mẹ́ta fún yín?"

Ìbéèrè dìde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. "Ó sọ ọ́, Sà."

"Ó wá ṣe jẹ́?"

"A rò pé fóònù ló ṣì í."

Ó jókòó. Ọ̀gá ní òdo ni fún gbogbo wọn, nínú ìdánwò náà látòkèdélẹ̀, wọn yóò sì ro oko ẹ̀yìn kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ?"

Ẹfun wà lọ́wọ́ mi. N kò sọ nǹkan kan. N kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

N kò jẹun láti àná. Láti fèrèsé mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ro oko nínú oòrùn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ìbéèrè kí mi bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ káàsán, Sà." Ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

Mo fà á sẹ́yìn díẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún Ọ̀gá pé èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ nu aṣọ. "Wọ́n fẹ́ fi tẹlifíṣàn rọ́pò yín, Sà. Gbogbo wa la ti gbọ́. Tá a bá ní ẹ̀yin ni, wọ́n á ní ẹ ò mọ̀wé mọ́." Ó rò ó díẹ̀. "Ẹ ò dẹ̀ lè ṣì í. Ẹ ti là á rí."

Mo ní kó máa lọ mu omi.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Mo wọlé tọ Ọ̀gá lọ kí aago àkọ́kọ́ tó lù. Mo sọ gbogbo ẹ̀: pàkúté, mẹ́ta, mẹ́rin, Àbíkẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ sọ mẹ́rin. Èwo ni kí n rà nínú yín?" Ó ní òun á fagi lé ìyà àwọn ọmọ, òun á sì ro ọ̀rọ̀ tèmi wò.

Mo kọjá sí Ọjà. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé. Mo ní mẹ́ta ni. Mo ní mo mọ̀ pé mẹ́ta ni nígbà tí mò ń sọ mẹ́rin. Mo ní mò ń wá olè ni, àwọn ni mo sì fi ṣe ìjẹ lẹ́nu pàkúté. "Mo parọ́ fún yín. Ẹ dárí jì mí."

Mo ti ń retí ariwo. Kò sí. Ẹnì kan ní, "Ta wá ni olè náà, Sà?" Mo ní kò sí olè. Ìbéèrè ń fi rọ́bà pa mẹ́rin rẹ́. Ó pẹ́ lórí ẹ̀, bébà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Mo bẹ Wáyà. Mo dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ó ní kò sí wàhálà, ó sì tún un kọ́. Iná pupa ń tàn.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀dọ̀fóró lẹ́kọ̀ọ́ tó kàn. Mo ní kí Àbíkẹ́yìn gbé fóònù rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kó gbé e sórí tábìlì níbi tí mo ti lè rí i. Mo ní bó bá máa gbà mí sílẹ̀, kó gbà mí sílẹ̀ lójú mi. Ó bi mí bóyá kó fi ohùn mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní kó ṣì fi ohùn dídán yẹn bò ó ná.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ́ Ọjà ní ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ ẹ̀dọ̀fóró bí mo ṣe mọ inú ilé mi. Kò sí ariwo. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, wọ́n á tẹ orí ba, ìmọ́lẹ̀ á tàn sí àgbọ̀n wọn láti abẹ́ tábìlì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé orí sókè. Mo ṣàwàdà. Ẹ̀rín dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. N kò bínú sí wọn. Ẹ̀tọ́ wo ni mo ní?

Mo sọ iye apá tí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ní. Ìbéèrè, tí kì í ní fóònù lọ́wọ́, nawọ́. Inú mi ti ń dùn, ó ti pẹ́ tó bi mí ní nǹkan.

"Sà, èyí ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni. Mẹ́ta ni.

Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í. Ọmọ náà gbé fóònù sún mọ́ etí. Láti ibi tí mo dúró sí mo gbọ́ ohùn dídán náà díẹ̀, ó ń sọ ohun tí mo sọ fún àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mi lánàá. Ọmọ náà mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni Ìbéèrè tó kọ ọ́ sílẹ̀.